Brainstorming lórí ààbò àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn: ṣé ariwo la nílò ni?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Èmi ni wọ́n ní kí n darí brainstorming, ìyẹn ìjókòó tá a ti máa jọ mú àbá wá, tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe lórí bí ọkọ̀ ò ṣe ní máa gbá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Èèyàn 20 ni, wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ á kàn dákẹ́ lọ gbári. Ẹnì kan ní tá a bá sanwó, òun á wá mú kí gbogbo èèyàn máa sọ ohun tó bá ti bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ta ariwo fún èèyàn yìí sì ń bí mi nínú, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lẹ fẹ́ jókòó lé lórí. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn gan-an lẹ nílò.

Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló gbé brainstorming jáde, ìwé tó kọ ní 1953 ló sì mú un gbajúmọ̀: ẹ mú àbá wá rẹpẹtẹ, ẹ má bu ẹnu àtẹ́ lu ti ẹnikẹ́ni. Ìyẹn dáa. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé táwọn èèyàn bá jọ ń sọ̀rọ̀, àbá á pọ̀ sí i. Irọ́ ni. Ní 1958 wọ́n dán an wò ní Yale, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn kan jókòó ní mẹ́rin mẹ́rin kí wọ́n jọ máa sọ àbá, wọ́n ní kí àwọn míì dá ronú ní tiwọn, wọ́n wá kó ti ẹni mẹ́rin tó dá ronú pọ̀ mọ́ra, àbá tiwọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàwọn tó jọ jókòó. Ní 1987 ni Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe, àwọn olùṣèwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá ní Jámánì, wá rí ìdí ẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ni yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn 19 tó kù ń dúró, bí wọ́n sì ṣe ń dúró lohun tó wà lọ́kàn wọn ń pòórá.

Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ títì, ó tún burú sí i, torí lójú tèmi, ẹni tẹ́nu ẹ̀ máa ń le jù nírú mítíìn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wa mọ́tò. Ìyá àgbà tó ń tẹ̀pá rìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń sọdá lọ síléèwé, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn lojú wọn ń rí nǹkan, wọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti pè wọ́n?

Pépà àti bírò ni kẹ́ ẹ pín. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní 6-3-5: èèyàn mẹ́fà, kálukú kọ àbá mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé pépà ẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, onítọ̀hún á kà á, á tún kọ mẹ́ta tiẹ̀ kún un. Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni mẹ́fà ti kọ àbá 108. Ẹ pín ara yín sọ́nà mẹ́ta, tí ẹnì kan bá lé kò sí wàhálà, ẹni tí ò bá lè kọ̀wé, kẹ́nì kan bá a kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ẹnu.

Ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ máa kọ sójú bọ́ọ̀dù o. Tẹ́ ẹ bá kọ "báwo la ṣe máa kọ́ èèyàn láti máa wo ọ̀tún wo òsì", pósítà nìkan lẹ máa rí. Ẹ mú oríta kan pàtó, ẹ jọ lọ rìn ín ṣáájú, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kẹ́ ẹ wá béèrè pé kí ni ò jẹ́ kéèyàn dé òdìkejì láyọ̀ níbẹ̀. Nígbà yẹn lọ̀rọ̀ eré sísá ọkọ̀ á jáde. Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan á ti lọ tó mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí dírẹ́bà fi rí ọmọ náà, kó tó tẹ búréèkì rárá. Tó bá jẹ́ 30 ló ń sá, tí ilẹ̀ gbẹ, tí búréèkì sì dáa, ó lè ti dúró pátápátá láàárín mítà 14 yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ torí mítíìn lọ fi ọ̀dà ya síbírà krọ́sìn fúnra yín. Lórí títì ńlá tí ọkọ̀ ti ń tò lọ ní ìlà méjì mẹ́ta, ọ̀dà nìkan lè dá kún ewu: ọkọ̀ àkọ́kọ́ á dúró, á sì bo ẹni tó ń sọdá mọ́ ọkọ̀ kejì lójú. Àbá lásán lẹ máa kó jọ, ẹnjiníà tó bá dé ojú títì yẹn ló lè sọ èyí tó ṣeé ṣe, èmi náà ò tíì rí i. Kẹ́ ẹ tó túká, ẹ mú àbá mẹ́ta péré, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbé wọn lọ bá àwọn tó ni títì náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa lọ.