Ṣé ẹni tó ti fi básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù jẹun rí tún lè gbá a fún yunifásítì l'Amẹ́ríkà?

Ó ṣeé ṣe kó gbá a, bí kò bá tíì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú NBA, ìyẹn líìgì básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù tó ga jù l'Amẹ́ríkà. Ẹ wo James Nnaji, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Makurdi. Kílọ́ọ̀bù Barcelona ní Spain ló ń gbá básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù fún, tó ń gbowó, kí wọ́n tó mú un ṣe ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n nínú àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA yàn lọ́dún 2023. Àmọ́ kò bá wọn tọwọ́ bọ̀wé rárá. Ní December 2025, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà kó máa gbá a fún Yunifásítì Baylor. Háà, ariwo ta! Lẹ́yìn náà ni Charlie Baker, ààrẹ NCAA, wá sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé NBA kò ní àyè níbẹ̀.

Lójú tèmi, ó tọ́ bí wọ́n ṣe gba Nnaji láyè. Ní Yúróòpù, inú kílọ́ọ̀bù ni ọmọ ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré; kò sí ẹgbẹ́ yunifásítì tó lè gbà á bíi t'Amẹ́ríkà. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fúnra wọn sì ti ń sanwó fún eléré ní tààràtà láti July 2025, nítorí náà ta ni yóò wá bá ọmọ yẹn jà pé ó gbowó? Ọmọ ọdún 21 péré sì ni Nnaji nígbà tó dé Baylor.