Ìdí tí wọ́n fi ń fi yànmọ̀tí ta ara wọn lọ́rẹ ní Maharashtra

Ẹ béèrè ìdí tí àwọn ará Maharashtra, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, fi ń fún ara wọn ní yànmọ̀tí lọ́jọ́ ọdún Makar Sankranti, tí wọ́n á sì máa wí pé, “Tilgul ghya, god god bola.” Ohun tí wọ́n ń wí ni pé: gba àdídùn yànmọ̀tí yìí, kí o sì máa fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀.

Oòrùn ni wọ́n fi ń ka ọdún yìí, nítorí náà ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ló sábà máa ń bọ́ sí, ìgbà mìíràn ọjọ́ 15. Òtútù ṣì ń mú nígbà náà, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn sì ka yànmọ̀tí sí oúnjẹ tó ń mú ara gbóná. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti òtútù nìkan ni, kálukú ì bá jẹ tirẹ̀ nílé rẹ̀. Inú òróró ni ìdí tó jinlẹ̀ wà. Òróró kó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n hóró yànmọ̀tí, “sneha” tí wọ́n ń pe òróró ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sì tún ni ìfẹ́. Ẹni tó na yànmọ̀tí sí yín ń bẹ̀ yín pé kí ìjà èṣí tán. Àṣà tó wù mí gan-an ni, torí ó ṣòro kí ènìyàn na ọwọ́ síni kó ṣì máa yan odì.

Wọ́n á yan yànmọ̀tí nínú apẹ gbígbẹ títí á fi máa ta. Wọ́n á yọ́ gul, ìyẹn ṣúgà pupa tí wọ́n fi omi ìrèké sè, wọ́n á da yànmọ̀tí àti ẹ̀pà gígún sí i, wọ́n á fi bọ́tà yíyọ́ ra àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì máa yí i róbótó ní gbígbóná. Bó bá ti tutù, ó ti le, kò ṣeé yí mọ́.

Wọ́n tún ń fi ṣúgà bo hóró rẹ̀ títí á fi yọ ṣóńṣó funfun wẹ́wẹ́, tí wọ́n á sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyàwó tuntun àti ọmọ ọwọ́. Aṣọ dúdú ni wọ́n máa ń wọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà wọ dúdú lọ́jọ́ ọdún.

Ní Karnataka, ìpínlẹ̀ tó bá Maharashtra pààlà, yànmọ̀tí, ṣúgà pupa, àgbọn gbígbẹ àti ẹ̀pà ni wọ́n ń pò pọ̀ láìyí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi ń bá a rìn.

Yànmọ̀tí dúdú tí àwọn Híńdù ń pò mọ́ omi fún àwọn baba ńlá wọn tó ti kú, ètùtù ni tìyẹn. Kì í ṣe ara ọ̀rẹ yìí.