Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́, àdírẹ́sì yẹn ni kì í ṣe tiyín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra router mìíràn o. Ẹ ní kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù ń hàn lórí fóònù tí ẹ bá wà lórí Wi-Fi ibẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti délé, kò hàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ṣí port (ọ̀nà tí ará ìta fi ń wọlé dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà) lórí router bó ṣe yẹ. Kámẹ́rà ni mo ń so jẹun, mo sì ti bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀yá ìjà lọ́dọ̀ oníbàárà kan n'Íbàdàn, títí ó fi ń fura pé ńṣe ni mo fẹ́ jẹ owó òun gbé.

Ẹ ṣí ojú-ewé router oní-SIM yẹn (192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló sábà máa ń jẹ́), ẹ wo ibi tí wọ́n kọ WAN IP (àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ SIM fún router) sí. Lẹ́yìn náà, lórí Wi-Fi yẹn kan náà, ẹ wá "what is my IP" lórí Google. Tí méjèèjì bá bára mu, port ni kí ẹ padà lọ yẹ̀ wò. Tí wọn ò bá bára mu, tí ti router sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ lè máa ṣí port títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣiṣẹ́.

Àdírẹ́sì oní-nọ́ńbà mẹ́rin yìí (IPv4) ò pọ̀ tó gbogbo wa ni. Gbogbo rẹ̀ pátá lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 4.2, oṣù Kejì ọdún 2011 sì ni IANA, àjọ tó ń bójú tó àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ wọn fún àwọn àjọ bí AFRINIC, tó ń pín in ní Áfíríkà. Ìyẹn làwọn ilé-iṣẹ́ SIM fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó bí ilé face-me-I-face-you tó ní géètì kan ṣoṣo. Ẹni tí ayálégbé bá rán jáde, gateman mọ̀ ọ́n, á jẹ́ kó padà wọlé. Àlejò tó ṣàdédé yọ tí ò mọ yàrá tó ń lọ, ẹnu géètì ló ti máa yí padà. Port tí ẹ ṣí, ìlẹ̀kùn yàrá tiyín ni. Géètì ò sí lọ́wọ́ yín.

Torí náà, DVR (àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀) fúnra rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó rán iṣẹ́ jáde. Ẹ tan P2P inú rẹ̀ (òun ló ń jẹ́ kí DVR fúnra rẹ̀ kàn síta), ẹ fi áàpù rẹ̀ ya QR code, ẹ sì yí password tó bá wá láti ilé-iṣẹ́ padà lójú ẹsẹ̀. Èmi fẹ́ràn Tailscale jù, áàpù tó ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó gba kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa wà ní títàn nínú ṣọ́ọ̀bù. (Òun náà ń pín àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 fún ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.) Ẹ tún lè béèrè public IP lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ SIM, owó ni ṣá.

Ẹ so àdírẹ́sì DVR mọ́lẹ̀ nínú DHCP router náà (ibi tó ti ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù) pẹ̀lú, torí tí NEPA bá mú iná tó sì dé padà, ó lè gba nọ́ńbà mìíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wò ó, ìpín méjì àkọ́kọ́ nínú WAN IP yẹn ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀.