Kí ni wọ́n ń kọ́ dókítà nípa aláìsàn tí wọ́n ń lù nílé?

Àmì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde lọ́dún 2013 kò ní kí dókítà máa bi gbogbo obìnrin tó bá wọlé. Kó béèrè nígbà tí àmì bá wà: ọgbẹ́ tí àlàyé rẹ̀ kò bá a mu, inú rírun tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀, ọkọ tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè dípò ìyàwó.

Bíbéèrè gan-an ló le, nítorí náà wọ́n máa ń fi í ṣe eré ní kíláàsì. Ẹnì kan á ṣe aláìsàn, ẹnì kejì á ṣe dókítà: "Ṣé ẹnikẹ́ni ń nà yín nílé, tàbí ẹ̀rù ẹnì kan ń bà yín?" Obìnrin náà nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí ìyá ọkọ má ṣe ògbufọ̀. Bó bá sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́. "Kí lẹ ṣe fún ọkọ yín?" kì í ṣe ìbéèrè dókítà rárá!

Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ní Èkó, ibùdó Mirabel Centre ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013.