Ṣé kí Tóbi lọ sílé ìwé ní Ilé-Ifẹ̀ àbí kó dúró ti wa ní Manchester?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí. Manchester là ń gbé, ọmọ Iléṣà lọkọ mi. Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 13, Year 8 ló wà. Ìyá ọkọ mi ní ká fi í ránṣẹ́ sílé, kó wọ ilé ìwé bọ́dìn ní Ilé-Ifẹ̀, kó gbọ́ Yorùbá, kó mọ ìdọ̀bálẹ̀. Bí mo bá gbà láàárọ̀, mo ti kọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọkọ mi ní ibi tí mo bá fì sí lòun náà wà, ìyẹn gan-an ló tún dá kún un. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń rò ó.
Ìyá Tóbi

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìrònú. Birmingham lèmi wà, Ìrẹmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ṣe mí rí.

Oṣù Kẹjọ ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ wo ilé. Ó jẹ iyán ìyá mi, ó bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré káàkiri àdúgbò, ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ayé. Orí mi wú, mo sanwó ilé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbàgbé pé ọlidé ni Oṣù Kẹjọ lọ́hùn-ún náà! Ilé ìyá àgbà ló rí, kò tíì rí ilé ìwé. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá, tó ń jí láago márùn-ún lọ fa omi ní kànga, tí tíṣà nà án nítorí pé ó tẹjú mọ́ ọn nígbà tó ń bá a wí (ẹ ṣáà mọ̀ pé níhìn-ín, ojú ni wọ́n ní kọ́mọ wò), ẹkún ló ń sun sétí mi lórí fóònù. Kò lò ju oṣù márùn-ún lọ. Nígbà tó fi padà, àyè rẹ̀ ní ilé ìwé ti lọ, a tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti wọ iṣẹ́ GCSE, ìdánwò ńlá ilé ìwé níhìn-ín, lára.

Torí náà, Oṣù Kejì ni kẹ́ ẹ mú Tóbi lọ, lọ́sẹ̀ ìsinmi àárín táàmù níhìn-ín, nígbà tí wọ́n ń kàwé lọ́wọ́ nílé. Owó bàálù á dùn yín, ó sì kéré sí owó ilé ìwé tó ṣòfò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó jókòó ní kíláàsì fún ọjọ́ méjì.

Bó bá gbà, ọdún kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fún un, Year 9 yìí, kó padà kí Year 10 tí iṣẹ́ GCSE ń bẹ̀rẹ̀ tó wọlé. Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ ìgbé títí ló ní, tí kì í ṣe páálí wọn (ìwé ìrìnnà ọmọ onílùú), bó bá ti ju ọdún 2 lọ lẹ́yìn odi, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kódà ọmọ tó ní páálí, bí kò bá gbé ibí fún ọdún 3 ṣáájú yunifásítì, owó ọmọ àlejò ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ fún ọdún kan ní Year 9 kò sí nínú ewu méjèèjì.

Ti ọkọ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹ tún bi Tóbi. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ohun tóun sọ níbẹ̀.