Ẹ Bi Wá Nípa Orin: Àwo kìíní Fleet Foxes dá awuyewuye sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta

Lóṣù tó kọjá, mo kàn dárúkọ àwo orin kìíní àwọn Fleet Foxes níparí ojú ìwé yìí, mo ní kí ẹni tí dátà ẹ̀ bá ṣẹ́kù lọ gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ tèmi o! Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan ní kí n dá dátà àwọn padà. Fún ẹni tí ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn: Seattle l'Amẹ́ríkà làwọn ọmọ náà ti wá, indie folk-rock ni wọ́n ń pe irú orin wọn, Robin Pecknold ló ń kọ orin wọn tó tún ń ṣíwájú, orúkọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi sọ àwo ọ̀hún, ó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2008, orin 11 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò sì pé ìṣẹ́jú 40. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra.

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ ọ délẹ̀, àmọ́ ìlù dà? Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ ọ láti Kútọ̀ dé Ọbáńtoko, kò sí nǹkan tí mò ń gbọ́ ju hùùù, hùùù, bí ìgbà tí wọ́n kó èèyàn sínú ihò àpáta tí wọ́n ní kó máa kọrin. Kí tiẹ̀ ni folk-rock gan-an? (Ọmọ Ìbarà)

Ìdáhùn: Ihò àpáta! Ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹ́ lóòótọ́. O ò ṣì í gbọ́ o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ki ẹ́kò bọ ohùn ni, èyí táwọn tó ń bójú tó sáńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń yí sókè bí pásítọ̀ bá fẹ́ gbàdúrà, kí ohùn lè máa padà wá bí ìgbà téèyàn pariwo lábẹ́ Olúmọ. Phil Ek, ẹni tó bójú tó gbígba orin náà sílẹ̀, ló bá wọn ṣe é. Ìlù wà níbẹ̀, dírọ́ọ̀mù gidi, òun kọ́ ló kàn ń darí. Tiwa yàtọ̀, gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí, kí Bàbá Lẹ́gbà tó lanu, ìlù àti gòjé ti sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹsẹ̀ ẹ. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ohùn ló ṣáájú, ìlù wá ń tẹ̀ lé e bí àbúrò.

Folk ni orin ìbílẹ̀ wọn, èyí táwọn ará oko àtàwọn ará orí òkè ń fi gìtá lásán kọ, ìgbà tí wọ́n wá ti gìtá oníná àti dírọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́ láwọn ọdún 1960 ló di folk-rock. Indie ò ju pé kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńláńlá ló gbé e jáde. Sub Pop ní Seattle níbẹ̀ ló gbé tiwọn jáde, àwọn kan náà tó gbé àwo kìíní ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nirvana jáde lọ́dún 1989.

Jọ̀ọ́, má gbọ́ ọ nínú mọ́tò mọ́. Ẹ́ńjìnnì á ti gbé gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ mì. Ti íápíìsì bọ etí lálẹ́, lẹ́yìn táwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀.

Ìbéèrè: Ó dùn. Orin kẹta ni mo ti sùn lọ. (Ìyá Ìbejì, Adátán)

Ìdáhùn: Ẹ kú oorun o, Mà. Orin kẹta yẹn wà lára àwọn tó ń sáré jù níbẹ̀, mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é.

Ìbéèrè: Ọdún kejìlá mi rèé nínú kúáyà, áltò ni mò ń kọ. Mo ti gbọ́ "White Winter Hymnal" tó ìgbà ogún, mo ń wá ẹni tó ń gba pátì mi níbẹ̀, mi ò rí i. Ta ló ń lé, ta ló ń gbè? Wọ́n sì pè é ní orin ìwé, mi ò gbọ́ Jésù kankan nínú ẹ̀. (Áltò Aké)

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí inú mi dùn jù nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹ ò lè bá áltò níbẹ̀ bó ṣe wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ohun tó sì ń dà yín láàmú ni pé etí wa ti mọ́ lílé àti ègbè: ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè é, èèyàn á mọ ẹni tí wọ́n ń náwó fún. Nínú orin yìí, ohùn kan ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan, òmíràn gbà á, òmíràn tún gùn ún, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tì síra wọn lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá, àfi ìgbà tí gbogbo wọn bá là á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ìlù sì wọlé. Ìgbà yẹn ẹ ò ní mọ ẹlẹ́gbè yàtọ̀ mọ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ tó fi tán, ibẹ̀ ló ti dùn mí.

Ní ti Jésù, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò dẹ́ṣẹ̀. Ìrísí orin ìwé ni wọ́n yá, wọn ò yá ìwàásù. Ẹ tún lọ gbọ́ "Heard Them Stirring" kẹ́ ẹ gbé e fún ọ̀gá kúáyà yín, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, wọ́n kàn ń gbé ohùn látòkè délẹ̀ ni, èmi tí wọ́n fọgbọ́n lé kúrò ní tẹ́nọ̀ lọ́jọ́sí, mò ń bá wọn kọ ọ́ nílé ìdáná láìsí ìtìjú.

Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá, ó ní ibi tó kù sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣòroó gbọ́, ẹ́kò ti bò ó, tó bá sì dé àárín àwo náà, ó máa ń ṣe mí bíi pé orin kan náà ni wọ́n ń tún kọ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ràn "Tiger Mountain Peasant Song", Pecknold àti gìtá ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sẹ́lòmíì níbẹ̀, etí á sinmi díẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi fi àwòrán tó wà níwájú àwo náà hàn mí lórí fóònù. Ṣé wèrè ni gbogbo wọn ni? Ọkùnrin kan ń forí gbá ògiri, ẹnì kan ń rẹ́ irun ẹlẹ́dẹ̀. Kí ló kan orin nínú ìyẹn? (Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú)

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú o, Ìyá. Òwe ni gbogbo ẹ̀! Pieter Bruegel, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, ló yà á lọ́dún 1559, òwe ilẹ̀ wọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kó síbẹ̀, ìlú Berlin ni àwòrán náà gan-an wà. Ẹni tó ń rẹ́ irun ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹlòmíì ń rẹ́ irun àgùntàn, ìyẹn rí òwú mú lọ sílé, tiẹ̀ ò ju ariwo lọ. Ẹnì kan tún wà tó ń dí kànga lẹ́yìn tí ọmọ màlúù ti kú sínú ẹ̀, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ irú ẹ̀ ládùúgbò yín. Èyí tí mo sì ń bẹ̀rù láti sọ fún yín ni ti obìnrin tó ń da aṣọ búlúù bo ọkọ ẹ̀ láàárín àwòrán náà. Lọ́dọ̀ wọn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó ń yan àlè. Ẹ máà bínú, òwe tiwọn nìyẹn, aró Ìtòkú ò mọ̀ sí i.

Ohun tó kan orin ni pé téèyàn bá wò ó lókèèrè, abúlé lásán ni, tó bá súnmọ́ ọn ni yóò rí i pé gbogbo kọ̀rọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Orin tí Áltò Aké ń sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó dùn létí bí orin ọmọdé, àmọ́ ẹnì kan ṣubú nínú ẹ̀, yìnyín funfun sì di pupa.

Ìbéèrè: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ta tẹ́tẹ́ náírà 5,000. Ó ní olórin tó ń jẹ́ Father John Misty ló lu dírọ́ọ̀mù inú àwo yẹn, mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre? (Ọmọ Kútọ̀)

Ìdáhùn: Lọ gbowó ẹ. Nicholas Peterson ló lù ú. Josh Tillman, tó wá ń jẹ́ Father John Misty báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ tán ló wọ ẹgbẹ́ lọ́dún 2008, ó sì kúrò ní 2012. Àmọ́ òun ló ń lu ìlù fún wọn káàkiri nígbà tí wọ́n ń fi àwo náà ṣeré, bóyá fídíò ni ọ̀rẹ́ ẹ rí, kò kúkú purọ́ tán. Yọ díẹ̀ nínú owó yẹn, kó o fi ra láfún fún un, ẹran méjì.