Príńtà ilé ìwé: ẹ wo owó tó máa jẹ lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó wo iye tí wọ́n ń tà á

Àǹtí tẹ́ ẹ ní ilé ìwé ní Ìgbògbò, tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá HP P1102 kékeré ló dáa àbí tòkunbọ̀ ńlá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó fún kékeré yẹn. Odógúnyàn ni mo wà, ìtòsí yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú, projẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé ìwé àdúgbò la máa ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo dẹ̀ ti rí bí àwọn kékeré yẹn ṣe máa ń dákú sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọmọ 300 lẹ ní, sọ́bújẹ́ẹ̀tì 10, ojú ìwé méjì fún ìkọ̀ọ̀kan, 6,000 nìyẹn ní tááàmù kan, a ò tíì dé orí rípọ́ọ̀tù o. Tónà (agolo yíǹkì oníyẹ̀fun) 85A tí P1102 ń lò, ojú ìwé 1,600 ni HP kà fún un, ìyẹn tí yíǹkì ò bá gbà ju ìdá 5 nínú 100 ojú ìwé lọ, ìbéèrè tó kún fọ́fọ́ dẹ̀ máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀. Tónà bíi mẹ́rin á lọ sórí ìdánwò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n LaserJet P4015 tó ń lo 64X, àbí M602 tó ń lo 90X, 24,000 ni wọ́n kà fún tónà kan. Tónà yẹn ló máa ń jẹ owó, kì í ṣe ẹ̀rọ fúnra ẹ̀.

Ibi tí tòkunbọ̀ ti léwu ni iná. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, ẹ ka sítíkà: tí wọ́n bá kọ 110-127V, Amẹ́ríkà ló ti wá nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀, 220-240V lẹ fẹ́. Ẹni tó ń tà á á ní òun máa fún yín ní step-down (ẹ̀rọ tó ń dín iná 220 kù sí 110), ẹ má gbà, torí fuser tó ń fi ooru lẹ tónà mọ́ pépà máa ń fa iná gan-an (ẹ ò rí i pé gílóòbù máa ń ṣẹ́jú tó bá ti bẹ̀rẹ̀), step-down kékeré ò lè gbé e, ọjọ́ kan dẹ̀ ni akọ̀wé ilé ìwé máa kì í bọ ara ògiri tààrà, á sì jó. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi gbọ́dọ̀ so ó mọ́ UPS tàbí inverter kékeré.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọ Information nínú menu P4015, ẹ tẹ Print Configuration (lórí M602, Administration lẹ máa wọ̀, kẹ́ ẹ tó wọ Reports), iye tó ti tẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé á jáde. Ojú ìwé 225,000 ni HP ní kí wọ́n pààrọ̀ maintenance kit P4015 àti M602, fuser àtàwọn rólà (rọ́bà tó ń yí tó ń fa pépà) ló wà nínú ẹ̀. Tó bá ti súnmọ́ ibẹ̀, ẹ yọ owó kit kúrò nínú owó ẹ̀. Nọ́ńbà kit, CB389A ni ti P4015 oní-220, CB388A oní-110 ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ìkejì.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé, pépà ló kù. Níbi tá a wà létí ọ̀sà yìí, lásìkò òjò, tẹ́ ẹ bá fi pépà sílẹ̀ nínú tray (àpótí pépà ẹ̀rọ) di àárọ̀ ó ti mu omi, á ká kò, á há, nígbà míì ẹ̀ẹ́ rí ooru tó ń rú jáde lára ẹ̀. Ẹ dá èyí tó ṣẹ́kù padà sínú ọ̀rá ẹ̀ lálẹ́. Tó bá há, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa pépà jẹ́jẹ́ síbi tó ń lọ, ẹ má fi bíléèdì tàbí sísọ́ọ̀sì kàn án rárá. Awọ tó wà lára fuser yẹn fẹ́lẹ́, tó bá fi lè ha báyìí, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa ní àpá níbì kan náà. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò nu ọ̀rọ̀ tó sì ń ṣí, fuser ti ń lọ nìyẹn. Tó bá ń mú pépà méjì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kò mú rárá, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu rólà, tó bá ti dán ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Refill (kí wọ́n tún tónà tó ti tán rọ) ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn lu ihò sí i tó da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀, ẹ sá fún un. Ó gbọ́dọ̀ tú u, kó da ìyẹ̀fun tó ti di ìdọ̀tí jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa jò sí pépà. Tó bá dà sílẹ̀, omi tútù lẹ fi nù ún, omi gbígbóná á lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ pátápátá.

Ẹ fọ́tò sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀ àti ìwé configuration yẹn ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, màá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.